Bí A Ṣe Ń Lo Ilé Ìwòsàn Ẹranko ní Ìgbèríko

Ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, ìgbà tí ewúrẹ́ bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ tán ni à ń gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko, bí ó bá sì kú, a ó ní dókítà ibẹ̀ kò mọṣẹ́. Ẹranko kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ń da èèpo iṣu fún un láàárọ̀ ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ewúrẹ́ tí kò bá sáré wá nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ, ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ wò ó bóyá ojú rẹ̀ ń ṣepin, bóyá ikun ń dà nímú rẹ̀, bóyá inú ẹnu rẹ̀ ti bó, àti bóyá ìgbẹ́ gbuuru ti lẹ̀ mọ́ irun ìdí rẹ̀. Bí gbogbo èyí bá pé sára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ káta, àrùn tó lè run odidi agbo. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni à ń fà gba ojúde aládùúgbò kọjá, kì í sì í ṣe ẹni à ń sáré tà lọ́jà. Ẹ ránṣẹ́ pe dókítà wá sílé.

Dókítà yóò bi yín ní ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, iye ẹran tó ń ṣe, ohun tí wọ́n jẹ, bóyá ẹ ra ẹran tuntun wọ agbo, àti oògùn tí ẹ ti lò. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni a máa ń purọ́ sí jù. Bí ẹ bá ti fún un lágbo tàbí kápúsù, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání.

Ní ti adìyẹ, kápúsù tí à ń tú sínú omi mímu wọn kò lè wo àrùn lúkúlúkú, nítorí fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Àjẹsára kí ọyẹ́ tó dé ló ń dènà rẹ̀. Inú òtútù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni àjẹsára yìí ń gbé, nítorí náà kúlà tó ní yìnyín ni kí ẹ fi gbé e. Bí a bá ti pò ó, kò ṣeé fi pamọ́ di ọ̀la. Ìgò kan sì máa ń pọ̀ ju adìyẹ ilé kan lọ, ìdí nìyí tó fi dára kí ará àdúgbò dáwó rà á, kí wọ́n lò ó lọ́jọ́ kan náà.

Ajá tó bá ti pé oṣù 3 yẹ kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Ẹ tọ́jú káàdì rẹ̀. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ má ṣe fi epo tàbí ewé dí i, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ènìyàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má tíì pa ajá náà bí ó bá ṣeé so mọ́lẹ̀ láìséwu: dókítà ẹranko yóò máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10.

Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn ẹranko, ẹ béèrè iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí ẹ tó pa ẹran náà tàbí kí ẹ tó jẹ ẹyin rẹ̀, pàápàá bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ náà sára ilẹ̀kùn ilé ẹran, níbi tí ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ yóò ti rí i.