Bí ọjọ́ ìbí ogójì ọdún bá bá yín lójú òkun

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́, ẹ má bínú, ẹnì kankan ò bi mí o. Bí ọjọ́ ìbí ńlá yín, ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, bá máa bọ́ sí àárín kọ́ńtíráàtì, ẹ tètè wo ibi tí ọkọ̀ máa wà lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ Pàsífíìkì lẹ ń là kọjá sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, ẹ ṣọ́ra gidi. Ìlà àfojúrò kan wà láàárín òkun náà tó ń yí ọjọ́ padà (International Date Line), ó lè gbé odindi ọjọ́ kan mì: ẹ sùn lọ́jọ́ kẹrin oṣù, ẹ jí lọ́jọ́ kẹfà. Ọjọ́ ìbí ti lọ nìyẹn!

Ẹ sọ fún ọ̀gá yín ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, bóyá á lè bá yín yí wákàtí iṣẹ́ padà. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bẹ àwọn tó ń ṣe kéèkì, ṣùgbọ́n ẹ má tan àbẹ́là rárá. Kò sóhun tí ọkọ̀ ń bẹ̀rù tó iná. Èyí tó ń lo bátìrì á ṣe é.

Ẹ dá owó ìpè ilé sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Cozumel ní Mẹ́síkò, Nàìjíríà fi wákàtí 6 ṣáájú yín. Aago méjì ọ̀sán yín ni aago mẹ́jọ alẹ́ wọn, gbogbo ilé á ti dé. Ẹ jẹ́ kí Màmá gbàdúrà tán kẹ́ ẹ tó sáré padà sínú ọkọ̀.