Ẹ Má Jẹ́ Kí Àbẹ́là Jó Dé Ìdí

A kò kọ ìwé yìí láti kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣáná sí àbẹ́là. Ọmọdé mọ ìyẹn. Ohun tí àgbà pàápàá kì í fẹ́ ṣe ni pípa á lásìkò. Àṣìṣe tí a ń bá pàdé léraléra nìyí: wọ́n á jẹ́ kó jó, kó jó, títí yóò fi tán lórí ohun tí wọ́n gbé e lé.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó tan àbẹ́là á kán ìda gbígbóná díẹ̀ sórí ìdérí ike tàbí orí àpótí, á tẹ ìdí àbẹ́là mọ́ ọn, á sì dúró ṣánṣán. Ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìda ló dì í mú, ìda náà sì ni iná ń yọ́. Nígbà tó bá ku bí ìbú ìka méjì, ooru ti dé ìsàlẹ̀, ohun tó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti rọ̀. Àjókù náà á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òwú á sì ṣubú sínú ìda tó ti yọ́. Iná tó wà lórí òwú nìkan tẹ́lẹ̀ á wá tẹ́ káàkiri ojú ìda náà. Ike tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ká kò, á gbiná, á máa ro bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iná lára. Onílé ti sùn.

Ìlà tí iná kò gbọdọ̀ kọjá

Kí ẹ tó ṣáná sí i, ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 5, ìyẹn ínǹṣì 2, láti ìdí àbẹ́là. Ẹ fi èékánná tàbí ẹnu ọ̀bẹ fa ìlà yí i ká níbẹ̀. Bí iná bá dé ìlà, ẹ pa á. Kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá parí ohun tí ẹ ń ṣe. Ìgbà tó bá dé ìlà.

Èyí tó wà nínú ife gíláàsì tàbí agolo yàtọ̀ díẹ̀: ẹ pa á nígbà tí ìda tó kù nísàlẹ̀ bá ku sẹ̀ǹtímítà 1.3, ààbọ̀ ínǹṣì. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló di òwú mú nísàlẹ̀ ife. Bí ìda bá ti tán lára irin yìí, ooru á lọ tààrà sára gíláàsì, gíláàsì á sì sán. Ẹ má wò ó pé ife náà nípọn.

Àbẹ́là tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 máa ń jó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 ní wákàtí kan, bí atẹ́gùn kò bá fẹ́ sí i. Bí tiyín bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ yọ 5 kúrò, 10 ni ẹ ní. Wákàtí 4 nìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó tàn án. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gún ìṣó mọ́ ara àbẹ́là kó lè já bọ́ sínú àwo irin kó sì ró bí wákàtí bá pé. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ lọ sùn o.

Àwọn tó ń sọ pé òfò ni láti fi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀: ẹ kó àwọn àjókù náà jọ. Bí ó bá pọ̀ tó láti yọ́ fi ṣe àbẹ́là mìíràn, ẹ yọ òwú àtijọ́ àti kóró ìṣáná kúrò, ẹ kó ìda náà sínú agolo, ẹ gbé agolo sínú ìkòkò tí omi rẹ̀ dé ìdajì agolo, kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná. Omi inú ìkòkò kò gbọdọ̀ gbẹ, omi kò sì gbọdọ̀ ta sínú ìda. Ẹ má gbé agolo ìda lé iná tààrà láéláé. Omi ló ń dí i lọ́wọ́ kó má gbóná jù. Èyí tí kò bá tó yọ́, ẹ fi pa síìpù tó ń há tàbí ojú ayùn.

Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀

Ike kì í ṣe ìdúró àbẹ́là. Pákó kì í ṣe ìdúró àbẹ́là. Agolo òfìfo tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ náà kò dára, nítorí ó fúyẹ́, ìfọwọ́kàn díẹ̀ ló ń dà á. Ẹ lo àwo irin tàbí àwo tánganran tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán. Èyí tó dájú jù ni agolo tí a rọ iyanrìn gbígbẹ kún: ẹ ri àbẹ́là wọ inú iyanrìn ní sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ tẹ iyanrìn mọ́ ọn. Bí ẹ bá ṣe báyìí, orí iyanrìn ni ẹ ó ti wọn sẹ̀ǹtímítà 5 yẹn, kì í ṣe ìdí àbẹ́là.

Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ bàtà kan, sẹ̀ǹtímítà 30, wà láàárín rẹ̀ àti ohunkóhun tó lè jó: kọ́tìnì, àwọ̀n ẹ̀fọn, bébà, aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Lókè rẹ̀, ẹ fi mítà 1 sílẹ̀. Bí ẹ bá tan méjì, ẹ jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà 10 là wọ́n láàárín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á máa yọ́ ara wọn. Ẹ má fín oògùn kòkòrò alágolo nítòsí rẹ̀.

Òwú

Mìlímítà 6 ni, ìdámẹ́rin ínǹṣì. Ẹ gé e kí ẹ tó tàn án ní gbogbo ìgbà, nígbà tó bá tutù. Ìgékánná á ṣe é. Bí iná bá ń fò sókè tàbí tó ń tú èéfín dúdú, òwú ti gùn jù tàbí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Ẹ pa á, kó tutù, kí ẹ gé e. Kóró òwú tí ẹ gé kò gbọdọ̀ bọ́ sínú ìda, nítorí yóò di òwú kejì níbẹ̀.

Pípa

Bí ẹ bá ń kúrò nínú yàrá, ẹ pa á. "Mo ń bọ̀ nísinsìnyí" kì í pa iná. Ẹ má fẹ́ ẹ lẹ́nu, ìda gbígbóná lè ta séèyàn lójú. Ẹ fi ìdí ṣíbí irin tẹ òwú rì sínú ìda tó yọ́, kí ẹ tún fà á dúró. Ẹ wo orí òwú bóyá ó ṣì pọ́n. Ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀ títí ìda á fi dì.

Bí ojú ìda bá gbiná, ẹ má da omi sí i. Omi á rì sísàlẹ̀ ìda, á di oru lójijì, á sì fọ́n ìda pẹ̀lú iná káàkiri yàrá. Ìdérí ìkòkò irin ni kí ẹ dé e, tàbí kí ẹ da iyanrìn bò ó. Bí ó bá ti mú kọ́tìnì, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ pe àwọn panápaná láti ìta.

Bí ìda bá ta síni lára, ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 20. Omi yìnyín kọ́, epo kọ́, ẹyin kọ́. Ìda tó bá lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ má fi ipá ṣí i. Bí ojú egbò bá tó àtẹ́lẹwọ́, tàbí tó jẹ́ ojú tàbí ọrùn, ilé ìwòsàn ni.