Bí mo ṣe wọn ọ̀nà dé gálásì M81, àti òdo tó jẹ mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ SS2 mi pé gálásì M81 (agbo ìràwọ̀ ńlá kan ni gálásì) jìnnà sí wa tó ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 21 (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ọdún kan ni ọdún ìmọ́lẹ̀ kan). Mo kọ ọ́ sára pátákó, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Irọ́ ni. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 ni. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ti yangàn fún wọn pé fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó ṣe fídíò tí mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí ní ọ̀sán kan péré ló máa gbà. Ọ̀sán wo? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò. Dátà tó bá a lọ lé ní 10GB, láì tíì ka epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn.

Ọgbọ́n ìdí iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, mi ò lè fò ó. Tí ìràwọ̀ tó kéré bíi oòrùn wa bá ti jó háídrójìn inú ọkàn rẹ̀ tán, yóò wú, yóò pọ́n, yóò di òmìrán pupa. Háídrójìn ṣì ń jó yí ọkàn náà ká. Eérú rẹ̀, ìyẹn hílíọ̀mù, ń wọ́jọ sáàárín, ó ń ki mọ́ra, ìràwọ̀ náà sì ń mọ́lẹ̀ sí i. Nígbà tí ìwúwo ọkàn yẹn bá fi máa sún mọ́ ìdajì ìwúwo oòrùn wa, tí ooru ibẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 dígírì, hílíọ̀mù á gbiná lójijì, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà á sì wálẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn fi ń gbiná, nítorí náà àjà kan náà ni gbogbo wọn ń forí kàn. Nínú fílítà F814W ti awò awọ̀nàjíjìn Hubble, ìmọ́lẹ̀ tòótọ́ àjà yẹn wà ní magnitude -4.05. (Magnitude ni òdiwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó.) Ẹ wá ibi tí àjà náà wà nínú gálásì yín, ẹ fi wé -4.05. Ìyàtọ̀ àárín wọn ló máa sọ bó ṣe jìnnà tó.

Gbígba àwòrán Hubble lọ́fẹ̀ẹ́, fífi Python wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, yíya gíráàfù: ìyẹn ò le. Kìkì pé kí ẹ má ṣe mú àárín gálásì bí mo ti ṣe nígbà àkọ́kọ́. Eruku àti ọ̀dọ́ ìràwọ̀ ló dí ibẹ̀ pa. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn odi, níbi tí àwọn àgbà ìràwọ̀ ń gbé.

Nígbà tí gíráàfù tuntun yọ, mo pariwo. Nísàlẹ̀, ìràwọ̀ kún bí ọjà Bódìjà. Lókè, àfi bíi pé ẹnìkan fi ọ̀bẹ gé e. Mo lo ọ̀nà Sobel tí Lee, Freedman àti Madore mú wọ iṣẹ́ yìí ní 1993, èyí tó ń wá ibi tí iye ìràwọ̀ ti ṣàdédé pọ̀ sí i. Ó tọ́ka sí 25.15. Mo yọ 0.12 kúrò nítorí eruku inú gálásì tiwa, mo ṣírò rẹ̀, mílíọ̀nù 21 jáde. Ìyàwó mi ní oúnjẹ ti ń tutù. Mo ní kó jẹ́ kí n yọ̀ ná.

Lọ́jọ́ kejì tí mo kọ́ wọn, ọmọ kan nawọ́ sókè. “Sà, mílíọ̀nù 12 ni mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.” Mo ní kì í ṣe gbogbo ohun tó bá rí níbẹ̀ ni kó gbà. Mo délé, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Freedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ìràwọ̀ Cepheid (ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ tó sì ń dínkù léraléra) wọn M81 ní 1994, wọ́n sì rí 3.6 Mpc (megaparsec, tí ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 3.26), ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 12. Ọmọ náà ló jàre.

Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru eruku. Ṣùgbọ́n kí àṣìṣe mi tó lè jẹ́ ti eruku, àfi kó gbé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ mì, ní ẹ̀yìn odi tí eruku ò ti tó nǹkan! Mo ní bóyá apá ibi tí mo mú ni kò dára, mo gba àwòrán ibòmíràn (ibẹ̀ ni dátà mi lọ): 25.1 àti díẹ̀. Mo tún kóòdù kọ láti ìbẹ̀rẹ̀: 25.15. Iná lọ, iná dé, 25.15. Ó ṣe mí bíi kí n fọ́ kọ̀ǹpútà náà.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò kan tó ń ka físíìsì ní yunifásítì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi dáhùn: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òdo wo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?”

Òdo wo kẹ̀? Ṣé òdo pé méjì ni?

Ó pé mẹ́ta. VEGAMAG wà, ABMAG wà, STMAG náà wà: ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n fi ń yan ibi tí kíka magnitude ti bẹ̀rẹ̀. Fídíò ní kí n mú nọ́ńbà tó wà lórí fáìlì Hubble, PHOTFLAM àti PHOTZPT -21.10, kí n fi ṣírò. Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n STMAG ló ń fúnni. Vega sì ni -4.05 tèmi. Fún kámẹ́rà ACS tó ya àwòrán mi, òdo STMAG wà ní nǹkan bíi 26.8 nínú F814W, ti Vega wà ní 25.5. Kóńgò ìyá kan ni mo fi wọn gàrí, iye kóńgò ìyá kejì ni mo wá san. Gbólóhùn kan péré ni ẹlẹ́fídíò yẹn ì bá fi gbà mí, kò sọ ọ́.

Mo yọ 1.25. Àjà bọ́ sí 23.90. Mo yọ eruku, mo fi 4.05 kún un, 27.83 ni, ìyẹn ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 12. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wò ó. Lórí tábìlì ìjẹun mi, lórí kọ̀ǹpútà tí bọ́tìnnì rẹ̀ méjì ti yọ!

Tí mo bá tún máa ṣe é, gálásì tí gbogbo ayé ti mọ bó ṣe jìnnà tó ni màá kọ́kọ́ wọ̀n, màá sì ti béèrè òdo kí n tó ra dátà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi àwọn onímọ̀ tó ń jà lórí bí àgbáyé ṣe ń yára fẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: ẹgbẹ́ sátẹ́láìtì Planck ní 67.4 (kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún Mpc kọ̀ọ̀kan), àwọn oní-Cepheid ní nǹkan bíi 73, ẹgbẹ́ Freedman fi òmìrán pupa rí 69.8 ní 2019. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ ṣi òdo wò pẹ̀lú 0.1 péré, ọ̀nà yín á ti yẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 5 nínú 100.

Mo padà sí kíláàsì, mo nu 21, mo kọ 12. Ọmọ ìjọ́sí tún nawọ́ sókè.

“Sà, ṣé eléyìí ò ní yí padà mọ́?”

Mo ní kó jókòó.