Yẹtí Wáyà Aláràbarà: Ìdáhùn fún Ẹ̀yin Tí Tiyín Ń Kán, Tó Ń Ṣí, Tó Ń Yún Yín Létí

Ìbéèrè kan náà ni mò ń dáhùn láti ẹnu ọ̀nà mi títí dé Ọjà Ọba. Tí oṣù kẹjọ bá wá ń sún mọ́, tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, tí tọmọdé tàgbà Òṣogbo fẹ́ fi idẹ sétí, fóònù mi kì í sinmi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹ kà á kí ẹ tó pè mí.

Àǹtí, ìkọ́ yẹtí mi kò wọ ihò etí.

Wáyà yín ti nípọn jù. Géèjì 20 ni kí ẹ fi ṣe ìkọ́, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 0.8. Bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe ń kéré ni wáyà ń nípọn sí i, nítorí náà ẹ má lọ ra 16 kí ẹ rò pé ó tín-ín-rín. Bàbà inú kébù 1.5 tí rewáyà ń lò nínú ilé lè di ara yẹtí. Kò lè di ìkọ́.

Ọ̀tún kò bá òsì dọ́gba.

Ẹ ṣe méjèèjì pọ̀. Ẹ gé wáyà méjèèjì ní gígùn kan náà, ẹ fi máákà sàmì sí ẹnu púláyà olórí roboto níbi tí ẹ ti ká àkọ́kọ́, kí ẹ sì ká èkejì níbẹ̀. Ẹni tó bá parí ọ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀ èkejì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló máa bí, kì í ṣe ìbejì.

Ẹ̀gbẹ́ ni yẹtí mi ń kọ síwájú.

Òrùka kékeré kan ló kù. Ẹ fi kún un láàárín ìkọ́ àti ara yẹtí.

Òrùka ń ṣí, ìlẹ̀kẹ̀ ń já bọ́.

Ẹ ń ya ẹnu òrùka sọ́tùn-ún sósì. Ẹ yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ẹnu kan síwájú, ẹ fa èkejì sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa pa á dé.

Ó ń ha mí létí.

Sánpépà. Ẹ fi ha ẹnu wáyà títí kò fi ní kọ́ ìbọ̀sẹ̀ onínáílọ́ọ̀nù mọ́.

Etí mi ń di àwọ̀ ewé. Ṣé àrùn ni?

Kì í ṣe àrùn. Òógùn ló pàdé bàbà. Idẹ náà ń ṣe é, torí bàbà ló pọ̀ jù nínú idẹ, síńkì ló tẹ̀ lé e. Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ yẹtí, ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì wẹ etí. Ó tán.

Bó bá ń yún, tó ń pọ́n, tó ń ṣomi, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ohun tí wọ́n ń tà bíi fàdákà ni ara yín kọ̀. Ẹ yọ ọ́. Kútẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń kùn sí i kò ní pẹ́ bó. Ìkọ́ fàdákà 925, ìyẹn fàdákà gidi, ni kí ẹ rà, kí ẹ so ara yẹtí yín mọ́ ọn. Tí ọyún bá ti ń jáde, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Wáyà ń kán lọ́rùn, ibì kan náà, nígbà gbogbo.

Ẹ jókòó. Èyí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ yìí.

Yẹtí ìgbín ni mò ń ṣe nígbà náà: wáyà tí a ká róbótó, tí a lù kó tẹ́, pẹ̀lú ọrùn gígùn tó lọ bá ìkọ́. Ó máa ń rẹwà lórí tábìlì. Oníbàárà á gbé e lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín, kò ní pẹ́ tí á fi padà dé, ìgbín lọ́wọ́ kan, ìkọ́ lọ́wọ́ kejì, ojú rẹ̀ á sì ti yí padà. Mo pààrọ̀ wáyà, ó kán. Mo lo èyí tó nípọn díẹ̀ sí i, ó pẹ́ kó tó kán, ṣùgbọ́n ó kán. Mo fi tépù wé ẹnu púláyà kí eyín rẹ̀ má baà gé wáyà lára. Ìyẹn ṣèrànwọ́ gan-an, torí ojú eyín púláyà ni kíkán ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ kò tán.

Bàbà fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, tí a nà án, tí a lù ú, ṣe ló ń le sí i. Bó bá le dé góńgó, kò tún lè tẹ̀ mọ́, kíkán ló kù. Ẹ wá wo ìyà tí wáyà kan ń jẹ lọ́wọ́ wa: a fà á yọ nínú kébù, a nà án, a ká a, kò wù wá, a tú u, a tún un ká, a wá gbé òòlù lé e. Ibi ọrùn ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ Àṣírù Ọlátúndé, ọmọ alágbẹ̀dẹ ní Òṣogbo wa níbí, àwọn ẹranko àti ènìyàn tó lù jáde lára bàbà àti alumíníọ̀mù, á mọ̀ pé irú irin wọ̀nyí lè gba òòlù púpọ̀. Àmọ́ wọ́n ní bí a ṣe ń mú wọn rọ̀. Iná ni.

Ẹ fi púláyà tó ti gbó di wáyà mú lórí iná gáàsì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀, kí ẹ lè rí àwọ̀ rẹ̀. Bó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ gbé e kúrò, ẹ sọ ọ́ sómi. Ẹ má dúró títí yóò fi máa tàn yòò, wáyà tín-ín-rín lè yọ́. Irin ọ̀bẹ ni omi ń mú le. Bàbà kò ní le, rírọ̀ ló máa rọ̀. Ti idẹ, ẹ má sáré sọ ọ́ sómi, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ ná. Dúdú tó bá dú, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ náà ni.

Nígbàkígbà tí wáyà bá ti ń bá ọwọ́ yín jà, ẹ dá a padà síná. Ẹ ká gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ká tán kí ẹ tó mú òòlù, òòlù yín kò sì gbọdọ̀ dé ọrùn. Ìkọ́ nìkan ni a kì í dá padà síná lẹ́yìn tí a bá ti lù ú. Líle rẹ̀ ni a fẹ́. Bó bá rọ̀, á ṣí, yẹtí á bọ́ sí ojú títì Òkè-Fìà, ẹ ò sì ní mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun rọ́bà kébù láti fi yọ bàbà, abẹ ni kí ẹ fi là á; èéfín rẹ̀ burú. Wáyà inú fáànù náà ní àwọ̀ tí wọ́n kùn sí i lára. Ẹ fi sánpépà ha á kúrò kí ẹ tó gbé e síná.

Ṣé mo lè fi sọ́dà, irin rírọ̀ tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń yọ́ láti fi lẹ wáyà, jó o pọ̀?

Rárá o. Òjé sábà máa ń wà nínú sọ́dà yẹn, inú ara ènìyàn lẹ sì fẹ́ kì í bọ̀. Alágbẹ̀dẹ góòlù ni kí ẹ gbé e fún, kí ẹ sì sọ fún un ṣáájú pé etí ni yóò wọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ so nǹkan méjì pọ̀ lára yẹtí, kò sí ìdí fún iná kankan: ẹ mú wáyà géèjì 26, ẹ fi wé wọn pọ̀ tímọ́tímọ́, ẹ gé ìyókù, kí ẹ sì fi púláyà tẹ ẹnu rẹ̀ wọlé kó má baà ha ènìyàn lọ́rùn.