Ọkọ̀ tó ń tà jù kọ́ ni ọkọ̀ tó yẹ yín: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ríra tòkúnbọ̀ n'Íbàdàn lásìkò ọ̀wọ́n

"Èwo ló ń tà jù?" Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ bi àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní Iwo Road, Challenge àti Ring Road nìyẹn. Wọ́n á ní Corolla ni, tàbí Camry, oníbàárà á sì kówó sílẹ̀. Ìbéèrè náà kò burú. Àìbéèrè nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ ló ń dá gbèsè síni lọ́rùn, nítorí ọkọ̀ tó tà jù ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní àìsàn tirẹ̀. Ọdún tó jáde àti ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ló ń sọ bóyá àìsàn náà wà lára èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ní oṣù karùn-ún 2008, nígbà tí epo gbówó lórí ní Amẹ́ríkà, Honda Civic, Corolla, Camry àti Accord tà ju ọkọ̀ akẹ́rù Ford F-Series lọ, bẹ́ẹ̀ Ford yìí ló ti ń ṣíwájú láti ọdún pípẹ́. Lọ́dún 2009, nígbà tí ìjọba wọn fún àwọn aráàlú lówó láti fi ògbólógbòó ọkọ̀ pààrọ̀ tuntun, Corolla ni wọ́n rà jù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà ló ti dé sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí wọ́n ti lò wọ́n. Nítorí náà, àléébù wọn kì í ṣe àṣírí mọ́, kò sì yẹ kó bá ẹnikẹ́ni lójijì.

Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù: kí ẹ ra orúkọ, kí ẹ má ra ẹ́ńjìnnì

Camry 2007 sí 2009, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, tuni lára láti wà, pààtì rẹ̀ sì kún ọjà Aráròmí ní Gate. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà (2AZ-FE) máa ń jẹ ọ́ìlì. Àwọn ihò kéékèèké tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀ lára písítìnì máa ń dí, rìngì á lẹ̀, ọ́ìlì á sì máa jó pọ̀ mọ́ epo. Òṣùwọ̀n tí Toyota fúnra wọn lò ni pé èyí tó bá jẹ ọ́ìlì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan kó tó rin nǹkan bí 1,900 kìlómítà ti ní àbùkù. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n pààrọ̀ písítìnì àti rìngì. RAV4 2.4 ti 2006 sí 2008 àti Corolla XRS ti 2009 ń lo ẹ́ńjìnnì kan náà. Corolla 1.8 ti 2009 lọ sókè kò sí nínú wọn, láti 2010 sì ni Camry ti bọ́ sí 2.5.

Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì tó ki, 20W-50, sínú rẹ̀ kí èéfín má baà hàn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ẹ fi ìka nu ẹnu sáléńsà. Dúdú gbígbẹ kò léwu; dúdú tó ń yọ̀ bí òróró ni kí ẹ sá fún. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ lójijì, kí ẹ dúró sẹ́yìn wò ó. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ló ń jó.

Ọ̀pọ̀ tún ń gba ọdún tí wọ́n bá pè fún wọn gbọ́. Wọ́n lè gbé iwájú 2010 sára ọkọ̀ 2007, kí wọ́n sì tà á ní iye 2010. Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú kò ṣe é parọ́ fún bẹ́ẹ̀: ẹ ka èyí tó wà ní ipò kẹwàá. 7 ni 2007, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Ẹ fi wé èyí tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ àti èyí tó wà nínú ìwé. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ máa lọ.

Jíìpù àti ọkọ̀ akẹ́rù

Nínú jíìpù, Highlander àti Lexus RX350 ló ń tà. Ẹ́ńjìnnì 3.5 V6 wọn lágbára, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní páìpù ọ́ìlì kan tó ní rọ́bà láàárín. Rọ́bà yẹn máa ń bẹ́, ọ́ìlì á tú dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Kí mẹkáníìkì fi èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó gbé e já ọ̀nà Èkó.

Ẹni tó bá ń ra Ford F-150 nítorí pé òun ló tà jù ní Amẹ́ríkà ń ṣe ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì V8 5.4 rẹ̀ ti 2004 sí 2008 máa ń ṣẹ́ púlọ́ọ̀gì sínú nígbà tí wọ́n bá ń tú u, ó sì ń mu epo. Toyota Tacoma dára jù ú lọ, àmọ́ iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù níbẹ̀ máa ń jẹ férémù rẹ̀. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi òòlù kan férémù náà. Ibi tó bá dún gbòfo tàbí tó wọ inú ti jẹrà, kódà kí wọ́n ti kùn ún lọ́dà dúdú.

Àṣìṣe mìíràn: kí ẹ wa ọkọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú nìkan

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ ní kí wọ́n má tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti mú gbóná ń bo àìsàn mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì tan án, iná ẹ́ńjìnnì, ti ABS (búréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) àti ti airbag gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́. Èyí tí kò tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀. Ẹ fi jíà sí R (ẹ̀yìn) àti D (iwájú): kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e gun òkè Mápó tàbí Mọ́kọ́lá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ kò sì fà, jíà ti ń lọ. Honda Accord V6 ti 1998 sí 2004 ni kí ẹ ṣọ́ jù níbí. Ẹ parí rẹ̀ sínú gọsíló Iwo Road pẹ̀lú éésì ní títàn, kí ẹ máa wo géèjì ooru.

Ẹ má ná gbogbo owó yín sórí ọkọ̀. Kí ìdá kan nínú márùn-ún ṣẹ́kù fún ọ́ìlì bíi lítà mẹ́rin àti fílítà, búréèkì, bátìrì, bẹ́líìtì àti táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2019. Ìbánigbófò tó kéré jù fún ọkọ̀ ara ẹni sì ti di ₦15,000 láti oṣù kìíní 2023.

Fún àwọn tó fẹ́ fi Micra ṣe takisí tàbí ra kọ́rọ̀pẹ́ tí wọn yóò máa san owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọjọ́ márùn-ún ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe méje. Mẹkáníìkì á gba ọjọ́ kan, ara náà á sì fẹ́ sinmi. Ẹ fi Micra sí jíà kẹta lójú kan, ẹ tẹ búréèkì dáadáa, kí ẹ rọra tú kíláàṣì sílẹ̀: ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú. Bí kò bá kú, kíláàṣì ti jẹ tán. Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà sí CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ láti fi wa ọkọ̀, ẹ rántí pé agbára tó ga gan-an, 200 bar, ni gáàsì náà fi ń wọ sílíńdà. Sílíńdà gáàsì ìdáná tàbí èyí tí wẹ́dà lẹ̀ pọ̀ yóò bú.

Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ tó bá gba ibẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì, kódà kí ẹ ti san owó rẹ̀ pé. Ẹ gba ìwé dúúti (ìwé owó tí wọ́n san fún aṣọ́bodè), kí ẹ yẹ nọ́ńbà inú rẹ̀ wò, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.