Gíà ló là, iná kọ́: bí mo ṣe tún HP 8640B ṣe nílé

Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún mi ní board rẹ̀ ló jó. Mo gbọ́, mo san owó ohun tí kò ṣiṣẹ́, mo sì gbé e relé. Ó wúwo débi pé ẹni tó bá gbé e dání kò ní lè dáhùn bí wọ́n bá kí i lọ́nà.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ HP 8640B ni láti mú ìgbì rédíò tí a mọ iye rẹ̀ jáde, láti 0.5 MHz dé 512 MHz, kí a lè fi dán rédíò tàbí wọkí-tọkí wò. Hewlett-Packard ló ń ṣe é láwọn ọdún 1970, àwọn tó mọ iṣẹ́ sì ṣì ń wá a kiri títí dòní, torí pé ìgbì rẹ̀ mọ́, kò láriwo nínú. Ihò onírin kan ló ń ṣe ìgbì yẹn láàrin 256 àti 512 MHz, bí a bá ṣe ń yí nọ́ọ̀bù iwájú ló ń lọ sókè tàbí sódò. Bí a bá fẹ́ èyí tó kéré sí i, ẹ̀rọ á pín in sí méjì, á tún un pín sí méjì, títí á fi dé ìsọ̀rí tí a yàn. Ìsọ̀rí mẹ́wàá ni.

Ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó tan ohunkóhun. Níbi tí wáyà iná ń gbà wọlé, ilẹ̀kùn pílásíìkì kékeré kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣí àfi téèyàn bá yọ wáyà. Fíúùsì wà nínú rẹ̀, páálí pẹlẹbẹ kan sì wà lábẹ́ fíúùsì tí wọ́n kọ 100, 120, 220 àti 240 sí. Tokunbo Amẹ́ríkà ni, nítorí náà 120 ló hàn síta. Ká ní mo kàn tì í bọ iná tiwa ni, board ì bá jó lóòótọ́. Mo fa páálí yọ, mo yí i kí 240 hàn, mo sì fi fíúùsì tí áńpíà rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti tẹ́lẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi gílóòbù àtijọ́, èyí tó máa ń gbóná, sójú ọ̀nà iná. Bí nǹkan bá já pọ̀ nínú ẹ̀rọ, gílóòbù ni yóò tàn yòò, ẹ̀rọ ò ní jóná. Tèmi tàn fìrí, ó sì rọlẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò, mo fi mítà wọn fóltì inú rẹ̀ níbi tí ìwé àtúnṣe ní kí a wọ̀n: +20, -20, +5.2, -5.2 àti +44.6. Gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Ìwé yẹn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo àwòrán wáyà ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ lónìí kì í fún wa nírú ẹ̀ mọ́, ó sì ń dùn mí.

Ìgbà tí mo yí nọ́ọ̀bù ìsọ̀rí ni àṣírí tú. Ó ń yí lọ́wọ́ mi gbuurugbu, kò dún kà, kà, bó ṣe yẹ, ìsọ̀rí ò sì yí padà.

Kí ẹ tó tú iwájú rẹ̀, ẹ wá Allen key oníǹṣì. Ti mílímítà 1.5 máa ń wọ síkúrù oníǹṣì kéékèèké bí ẹni pé tiwọn ni, yóò sì jẹ wọ́n lórí kí ẹ tó mọ̀. Mo ya fọ́tò gbogbo ibi, mo sì fi máákà sàmì sí ibi tí eyín gíà kan ti wọ inú èkejì, torí nọ́ọ̀bù ìsọ̀rí àti ti FM, èyí tó ń pinnu bí ìgbì yóò ṣe máa lọ sókè sódò tó láti gbé ohùn, so mọ́ra: ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí FM rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Gíà pílásíìkì ni mo bá níbẹ̀. Àìsàn tí wọ́n mọ̀ mọ́ 8640B nìyẹn. Pílásíìkì ń sún kì bí ọdún ti ń gorí ọdún, irin àárín rẹ̀ kì í sún kì, pílásíìkì á bá là. Mo gbé gíà kan síbi ìmọ́lẹ̀: ìlà tín-ín-rín kan gba ọrùn rẹ̀ kọjá láti ihò síkúrù dé etí. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó pa dé. Bí mo bá jù ú sílẹ̀, ó yanu.

Àwọn kan ń gé gíà idẹ tuntun tà lókè òkun, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n eyín tèmi ṣì pé, ọrùn nìkan ló là. Mo gbé e lọ bá tọ́nà kan lọ́gbà mẹkáníìkì, mo ní kó gbẹ́ òrùka idẹ tí inú rẹ̀ fi díẹ̀ kéré sí ọrùn gíà.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ti jẹnẹrétọ̀ yín ni?”

Mo ní ti rédíò ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rédíò wo ló ní gíà. Ó gbẹ́ ẹ dáadáa ṣá. Nílé, mo lu ihò sára òrùka níbi tí síkúrù máa gbà, mo kán gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì sínú ibi tó là, mo sì fi fáìsì ti òrùka wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ kó gbẹ mọ́jú. Kí n tó dá a padà, mo fi spírítì nu àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké tí ìsọ̀rí ń fi kan ara wọn. Ẹ má fi sandpaper kàn wọ́n o, ohun tí wọ́n fi bo orí wọn fẹ́lẹ́.

Nígbà tí mo tò ó tán, nọ́ọ̀bù dún kà, kà. Mo yí i sí ìsọ̀rí 64 sí 128, mo wá ibi tí kò sí ilé-iṣẹ́ rédíò kankan lórí FM, mo dín agbára rẹ̀ kù pátápátá, mo sì tan ohùn 1 kHz tó wà nínú rẹ̀. Rédíò ọwọ́ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fọn fèrè. Mi ò so eriali mọ́ ọn, torí ilé-iṣẹ́ rédíò kọ́ ni mo fẹ́ dá sílẹ̀. Mo tún yẹ àwọn ìsọ̀rí yòókù wò pẹ̀lú nọ́ńbà pupa iwájú rẹ̀, gbogbo wọn ń dáhùn.

Ẹni tó bá fẹ́ fi dán wọkí-tọkí wò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ nígbà tí wáyà wà láàrin wọn. Agbára wọkí-tọkí á padà wọ ẹnu ẹ̀rọ yìí, ohun tí yóò sì jó níbẹ̀ ṣòro rí rà. Fáànù ẹ̀yìn tèmi ṣì ń han. Òróró ni mo máa kọ́kọ́ kán sí i, bí ìyẹn ò bá ràn án, mo máa pààrọ̀ rẹ̀.