Ọgọ́ta Náírà Láìsí Mẹ́wàá: Bí A Ṣe Ń Pa Ṣéńjì Pọ̀

Ní Ọjà Ọba n'Ìlọrin, mo dúró níwájú ìyá kan tó ń ta wàrà. Oníbàárà fún un ní ₦500, ọjà tó rà jẹ́ ₦440. Àádọ́ta náírà méjì àti ogún náírà mẹ́rin ló kù nínú igbá ìyá náà. Ó mú àádọ́ta kan, ó wá mẹ́wàá tì, ló bá gba wàrà rẹ̀ padà. Ogún náírà mẹ́ta sì wà níbẹ̀! Ó ká mi lára gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ kọ́kọ́ to owó yín láti orí ńlá dé kékeré: 1000, 500, 200, 100, 50, 20, 10, 5. Owó onírin tó jáde ní 2007, ẹ fi í sílẹ̀, ọjà kò ná an mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú èyí tó tóbi jù tí kò ju iye tí ẹ ń wá lọ, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyókù. ₦185 yóò di 100, 50, 20, 10 àti 5. Bí gbogbo oríṣi bá wà lọ́wọ́, ọ̀nà yìí ló ń gba bébà tó kéré jù.

Ṣùgbọ́n bí mẹ́wàá àti márùn-ún bá ti tán, tó ku ogún àti àádọ́ta nìkan ńkọ́? Ibí ni ìyá oníwàrà ti kọsẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí orúkọ iye owó náà. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta ni. Ọgọ́rin, ogún mẹ́rin. Ọgọ́fà, ogún mẹ́fà. Èyí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ogún nìkan tó o. Bí àádọ́ta bá máa wọ̀ ọ́, méjì-méjì ni kó wọlé. Àádọ́rin ní tirẹ̀ jẹ́ ogún mẹ́rin ó dín mẹ́wàá. Irú èyí kò lè pé láìsí àádọ́ta kan. Ẹ yọ àádọ́ta náà ná, ìyókù á di ogún: àádọ́rin gba ogún kan, àádọ́rùn-ún gba méjì, àádọ́fà gba mẹ́ta. Nínú iye tó parí sí òdo, mẹ́wàá àti ọgbọ̀n nìkan ni kò ṣeé ṣe rárá. Àwọn baba wa ti ṣírò rẹ̀ sínú orúkọ, àwa la kì í gbọ́.

Bí mẹ́wàá àti márùn-ún bá wà lọ́wọ́, tí ẹ sì fẹ́ mọ gbogbo ọ̀nà tí àádọ́ta náírà lè gbà pé, ẹ fi ogún ṣe òpó. Ogún méjì ku mẹ́wàá: mẹ́wàá kan tàbí márùn-ún méjì, ọ̀nà 2. Ogún kan ku ọgbọ̀n: mẹ́wàá lè jẹ́ mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, tàbí kó má sí, kí márùn-ún dí àlàfo; ọ̀nà 4. Láìsí ogún, iye bébà mẹ́wàá á ti orí 5 sọ̀ kalẹ̀ dé òdo, kí márùn-ún dí àlàfo: ọ̀nà 6. Ẹ fi odidi àádọ́ta kún un, ó di 13. Ẹ má kà 20, 10, 20 yàtọ̀ sí 20, 20, 10 o. Ọ̀kan náà ni.

Ọgọ́rùn-ún náírà ńkọ́? Odidi rẹ̀, ọ̀nà 1. Àádọ́ta méjì, 1. Àádọ́ta kan, ẹ lo 12 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ìyẹn 13 láìka odidi àádọ́ta. Láìsí àádọ́ta, láti ogún márùn-ún dé òdo: 1, 3, 5, 7, 9, 11, tó jẹ́ 36. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50.